Omi Tí Mo Gbé fún Ọ̀gágun Ọ̀tá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí aago ẹnu ọ̀nà bá ti dún nílé wa ní Thamesmead, ní London, kọ́ọ̀bù omi ni mo máa ń sáré lọ mú kí n tó mọ ẹni tó dé. Mama, ìyá ìyá mi tó wá láti Abẹ́òkúta láti bá wa gbé fún ìgbà díẹ̀, ló ṣe òfin yẹn. Ẹni tó bá wá ka mítà gáàsì, á mu omi. Ẹni tó mú lẹ́tà wá, á mu omi. Mo rántí òyìnbó kan tó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, tí kò mọ̀ bóyá kí òun gba kọ́ọ̀bù ni tàbí kí òun náà kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níhìn-ín, ẹ mọ bí ilé wa ṣe ń rí nígbà náà. Òórùn dòdò á ti pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń fa àpò onítáyà bọ̀ láti ọjà Woolwich, tí iṣu á yọrí lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni ń wòran. Bí mo bá gbàgbé láti kí àgbà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ni mo máa kúnlẹ̀ sí, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí ẹ̀rín á fi pa Mama fúnra rẹ̀.

Danny, ọmọ òyìnbó tó ń gbé ilé kejì, kì í fi oúnjẹ wa ṣeré rárá. Mama ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ ó kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ méjì gba nǹkan. Lọ́jọ́ tí èmi àti Danny jà nítorí bọ́ọ̀lù, Mama ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un: "Ẹni tó bá ti mu omi wa kò gbọdọ̀ bá wa jà mọ́." Danny mi orí, ó sì béèrè bóyá dòdò ṣì kù.

Lọ́dún yẹn, Miss tó ń kọ́ wa ní ká ṣe eré fún àwọn òbí. Ó sọ fún wa nípa erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, tí gómìnà òyìnbó ń ṣàkóso lásìkò ogun. Nínú ìtàn gidi, ọkọ̀ ogun àwọn ọ̀tá kàn kọjá lọ ni. Ká ní ó dúró ńkọ́? Eré wa nìyẹn: ọ̀tá á sọ̀ kalẹ̀, gómìnà á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á pààrọ̀ àsíá, ó parí. Danny ni ọ̀gágun ọ̀tá. Èmi wà lára àwọn onílùú, iṣẹ́ tiwa sì ni ká dúró, ká tẹrí ba, ká panu mọ́.

Ó dùn mí dọ́kàn. Mama ń padà sílé lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ òun nínú gbọ̀ngàn àwọn òyìnbó kí òun tó lọ. Mo bẹ Miss pé kó fún mi ní gbólóhùn kan péré. Ó ní àwọn onílùú kì í sọ̀rọ̀ nínú eré yìí.

Ọjọ́ pé. Mama jókòó níwájú, gèlè rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ ríran. Danny sọ̀ kalẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì tí a fi ṣe ọkọ̀, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀ nínú kóòtù tó nípọn. Ó kígbe pé erékùṣù náà ti di tiwọn. Mama bá wúkọ́.

Ẹ̀yin náà mọ ikọ́ yẹn, èyí tí àgbà fi ń bá ọmọ wí lójú àlejò. Ohun tó sọ sí mi létí ni pé: àlejò dé, o dúró bí òpó! Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti da omi láti inú jọ́ọ̀gì orí tábìlì gómìnà sínú kọ́ọ̀bù, mo ti kúnlẹ̀ níwájú Danny, mo sì sọ ọ́ sókè ketekete: "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ mu omi."

Danny wò mí, ó wo Mama. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjì gba kọ́ọ̀bù, ó mu ún tán. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ, òun ti mu omi àwọn onílùú, ìjà ò ṣeé ṣe mọ́. Ni wọ́n bá wọkọ̀ wọn padà. Miss di orí mú. Gómìnà ṣì gbọ́wọ́ sókè, kò rí ẹni tó máa gba erékùṣù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mama ti dìde, ó ń pàtẹ́wọ́: "Ọmọ mi nìyẹn! Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀!" Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún Mama pé mo tètè gbọ́ ohun tí ikọ́ rẹ̀ wí. Mama ní, "Ikọ́ wo? Òtútù ìlú yín ló ń dà mí láàmú."

Títí Mama fi fi wá sílẹ̀, kò sí ìgbà tó pè mí láti Abẹ́òkúta tí kò ní béèrè pé, "Ọ̀gágun yẹn ńkọ́? Ṣé kò tíì padà wá jagun?" Màá ní, "Rárá, ma. Omi ló ṣì ń mu."

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, ilé mi ò jìnnà sí Woolwich Common. Láyé ijọ́un, aago á dún, ilẹ̀kùn á ṣí. Lónìí, aago ti ní ojú, ó ń fi àlejò hàn lórí fóònù, àwọn ọmọ mi á sì dá a lóhùn láti orí àga: "Leave it by the door!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ẹrù wá nínú oòrùn, òógùn bò ó. Mo ní kí ọmọbìnrin mi gbé omi fún un.

Ó ní, "But Mummy, a ò mọ̀ ọ́n."

Mo wúkọ́. Ó dìde, ó lọ bu omi.