Hángà àti Rédíò Orí Òkun
Bàbá òyìnbó kan ni mò ń tọ́jú ní Thamesmead, ní ìlú ọba. Daddy ni mò ń pè é, torí ẹnu mi ò lè pe orúkọ àgbà. Rédíò tó fi ń gbọ́ orin nígbà èwe rẹ̀, láti ilé iṣẹ́ rédíò kan tó wà nínú ọkọ̀ orí òkun kí ìjọba tó fòfin dè é, ṣì wà nílé rẹ̀, àmọ́ antẹ́nà rẹ̀ ti kán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ká jù ú nù. Lójú èmi ọmọ Mushin? Mo na hángà onírin, mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ihò antẹ́nà. Rédíò hó ṣààà, ni wọ́n bá dárúkọ ọkọ̀ náà lórí rẹ̀: àwọn kan ṣì ń gbé ètò rẹ̀ sáfẹ́fẹ́! Daddy, tí kì í dìde láìdi ọwọ́ mi mú, dìde fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ọkọ̀ wa ò rì!"