Àṣàkẹ́ Lo Oògùn Rẹ̀

Láti ọwọ́ ọkọ rẹ̀, Bàbá Ṣadé

Háà, Àṣàkẹ́! Ó mà wá dìgbà náà o. Ẹnu mi kọ̀ láti sọ ọ́, ni mo ṣe ní kí ọwọ́ mi bá mi kọ ọ́. Àṣàkẹ́, ìyàwó àárọ̀ mi, Màmá Ṣadé, olóhùn àlítò nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí í mú orin dúró, aránṣọ tí í rán aṣọ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń rán ti ọmọ tirẹ̀. Ilé ti dákẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé níbi tí o fi í sí. Mo ti fi aṣọ bò ó, nítorí n kò lè máa wò ó. Ikú ṣe mí lóhun tó dùn mí wọ eegun.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ mú ìwé ètò ìsìnkú yìí lọ́wọ́, gbólóhùn kan tí ẹ máa ń rí nínú irú ìwé báyìí kò sí nínú tiwa. Àwọn tó bá wa ṣètò rẹ̀ ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá Ṣadé sùn nínú Olúwa “lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́.” Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Àìsàn náà kì í ṣe ránpẹ́, ó sì ní orúkọ. Éèdì ni, èyí tí àwọn ará Libreville, ní Gabon tí a wà yìí, ń pè ní sida. Àwa méjèèjì la ní in, àwa méjèèjì la jọ lo oògùn rẹ̀. Ara mi le, ìwọ lo lọ. Kí o tó dákẹ́, Àṣàkẹ́, o rán mi níṣẹ́ kan, òun ni mo fẹ́ jẹ́ níbí.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí irú ẹni tí o jẹ́. Ọdún tí wọ́n bu owó séfà tí à ń ná níbí sí méjì ni ìwà rẹ hàn sí mi jù lọ. A sùn, a jí, agbára owó ọwọ́ wa ti di ìdajì. Ìrẹsì gbówó lórí, aṣọ gbówó lórí, kò sẹ́ni tó ń rán tuntun mọ́ ní àdúgbò wa, Atong Abè. Àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ìwọ ní kí àwọn ènìyàn kó ògbólógbòó ẹ̀wù wọn wá. O ó tú ọrùn ẹ̀wù tó ti gbó, o ó yí i padà kí inú rẹ̀ di ìta, o ó rán an mọ́ ọn, ẹ̀wù á sì tún dára lọ́rùn ẹni tó ni ín. Èmi tí mo ń tún fíríìjì ṣe náà, àlòkù nìkan ni wọ́n ń gbé wá bá mi. O máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Ṣadé, ògbólógbòó ló ń bọ́ wa nínú ilé yìí o. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká gbàdúrà jù pé kí ayé tètè dára.” Bí aládùúgbò bá káwọ́ lérí, tó ní, “On va faire comment?” bí gbogbo ìlú ti ń béèrè nígbà náà pé kí la máa wá ṣe, ìwọ á dá a lóhùn ní Yorùbá, ó gbọ́ o, kò gbọ́ o: “A ó ṣe é ni.”

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àìsàn dé. Ikọ́ ni tèmi, ìgbẹ́ gbuuru àti rírù ni tìrẹ. Nítorí ọ̀wọ́n gógó, à ń sún ọsibítù síwájú, à ń ra oògùn lẹ́bàá ọ̀nà, títí ara kò fi gbà á mọ́. Lọ́jọ́ tí èsì àyẹ̀wò jáde, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ọsibítù, mo ń retí kí o bi mí léèrè. O ò bi mí. O ní, “Ẹ jẹ́ ká má wá ẹni tó kọ́kọ́ mú un wọlé. Ilé kan náà ló wọ̀.” Láti ọjọ́ náà di òní, a ò wá a.

Ọlọ́run ṣeun, oògùn tó ń so kòkòrò náà mọ́lẹ̀ ti ń dé Libreville. Ọjọ́ kan náà la bẹ̀rẹ̀. Oògùn kan náà ni, ìgò méjì tó jọra. Nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, bí a bá ti jẹun tán, o ó bu omi sínú ife búlúù kan ṣoṣo. O ó gbé tìrẹ mì, o ó mu omi náà dé ìdajì, o ó na ìyókù sí mi, o ó ní, “Ó kù sọ́wọ́ yín.” Mo sọ fún ọ pé ife kò wọ́n nínú ilé. O ní àjọmu ni kò ní jẹ́ kí ẹnì kankan nínú wa gbàgbé, òótọ́ sì ni.

Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ikọ́ lọ, mo sanra díẹ̀, mo tún ń gbé fíríìjì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní àwọn sójà inú rẹ̀, àwọn tó ń bá àrùn jà, ti ń pọ̀ sí i. Tìrẹ kò gòkè. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Ibà kékeré á gbé ọ dá sórí bẹ́ẹ̀dì. Egbò inú ẹnu kò jẹ́ kí o lè kọrin.

Ìyá Ìjọ wa nìkan la fi ọ̀rọ̀ náà hàn, nítorí àwọn ni wọ́n dúró bí ìyá fún wa ní àjò yìí. Ohun tí mo fẹ́ kọ nípa wọn, àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, kí n má fi bò. Màmá, mo dúpẹ́. Ìyá Ìjọ gbà pé bí Ìwé Mímọ́ ti wí pé tọkọtaya di ara kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí dé inú ẹ̀jẹ̀. Bí oògùn bá jẹ́ lára ọkọ, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lára ìyàwó. Wọ́n ní àwọn ọsibítù ló ṣi ìgò gbé fún wa, pé tèmi ni ojúlówó. Wọ́n wọ takisí láti àdúgbò Nombakélé wá, wọ́n gbàdúrà lé ìgò méjèèjì lórí, wọ́n gbé tèmi fún ọ, wọ́n gbé tìrẹ fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, o kúnlẹ̀, a dúpẹ́. Ta ni yóò bá Ìyá Ìjọ jiyàn? Nígbà tí wọ́n lọ tán, o wo ara ìgò méjèèjì, orúkọ kan náà ló wà níbẹ̀, lo bá bú sẹ́rìn-ín: “Bàbá Ṣadé, mo ti gba ti yín o. Bí irùngbọ̀n bá hù lágbọ̀n mi, ẹ̀yin lẹ fà á.”

Irùngbọ̀n kò hù. Àwọn sójà náà kò sì gòkè.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Bí ẹ̀bi kò bá sí lọ́rùn ìgò, a jẹ́ pé ọrùn ẹni tó ń lò ó ló wà. Ìyá Ìjọ ní o ń tu oògùn dànù. Wọ́n ń wá nírọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí o ya ẹnu, kí o gbé ahọ́n sókè bí ọmọdé. O ya ẹnu. O gbé ahọ́n sókè. Ọ̀rọ̀ jò dé ẹgbẹ́ akọrin. Wọn kò mọ àìsàn tó ń ṣe ọ́, wọ́n ṣáà gbọ́ pé o gba oògùn, o kò lò ó, àwọn kan sì ń fi kún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ ló ń dí ìwòsàn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí o lọ sinmi, wọ́n fi ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ. Lọ́jọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí o jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, orin tí o mọ̀ lórí ni wọ́n ń kọ. Mo rí ètè rẹ tó ń mì. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò gbọ́ ìwàásù.

Ṣadé wa, tí Faransé yá lẹ́nu ju Yorùbá lọ, kò lè mú un mọ́ra. Ó dìde lójú Ìyá Ìjọ nínú pálọ̀ wa, ó ní, “Maman boit ses médicaments. Je la vois!” pé ìyá òun ń lo oògùn, ojú òun ló ń rí i. O fà á lọ́wọ́ jókòó, o ní, “A kì í jágbe mọ́ àgbà, Ṣadé.” Ìwọ tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́ náà lo tún ń kọ́ ọmọ níwà.

Nígbà tí a máa padà lọ rí dókítà, Ìyá Ìjọ bá wa lọ, wọ́n fẹ́ fẹjọ́ rẹ sùn. Obìnrin ọmọ Gabon ni dókítà náà, kì í pariwo. Ó gbọ́ wọn tán, ó wá ní àyẹ̀wò méjì làwọn ṣe. Èkíní ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Wọn kò rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ, bí wọn kò ti rí i nínú tèmi. Ó ní ẹni tó bá ń tu oògùn dànù kò lè ní irú èsì bẹ́ẹ̀ láé. Èkejì ń ka sójà. Ó ní oògùn ń ká ọ̀tá lọ́wọ́ kò, ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ ló ń bí sójà, bó sì ṣe ń bí wọn tó wà lára ohun tí kálukú jogún lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá tó bí i, bí a ti ń jogún gíga àti ìrísí. Ó ní àjogúnbá nìkan kọ́, pé pípẹ́ tí a pẹ́ kí a tó wá náà wà níbẹ̀, òun kò sì lè wọn èyí tó pọ̀ jù nínú tìrẹ. Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyá Ìjọ bó ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ní, “Ṣé wọn kì í ṣe ara kan ni?” Dókítà ní, “Ìgbéyàwó so wọ́n pọ̀, Màmá, ṣùgbọ́n ìyá kan náà kọ́ ló bí wọn.”  Ìyá Ìjọ tú gèlè orí wọn, wọ́n fi bojú. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún ọ, o sáré dì wọ́n mú lápá méjèèjì, o ní, “Ẹ má fi ìyẹn pa mí kún un, Màmá.” Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìjọ ló ń fọ aṣọ rẹ títí o fi lọ.

Bí a ti ń bọ̀ wálé lo sọ ọ́ pé, “Mo jogún èéjí lọ́dọ̀ ìyá mi, mo jogún ẹsẹ̀ gígùn lọ́dọ̀ bàbá mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé sójà ọ̀lẹ wà nínú ogún náà.” Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ìyá Ìjọ fẹ́ dìde níwájú ìjọ kí wọ́n wẹ̀ ọ́ mọ́. O kọ̀. O ní ẹni tó bá máa sọ pé o lo oògùn, á ní láti sọ oògùn kí ni, Ṣadé sì ṣì wà níléèwé, wọn á máa fi bú u. O gbà kí orúkọ tìrẹ wọ́lẹ̀ kí ti ọmọ lè dúró. Ọdún gorí ọdún, o ń kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ, o tún ń yí ọrùn ẹ̀wù wọn padà fún wọn. Àṣàkẹ́, ibo ni mo ti fẹ́ rí irú rẹ?

Nígbà tí ó kù díẹ̀, o pe èmi àti Ṣadé. Ohùn rẹ ti lọ sílẹ̀. O ní, “Bí mo bá lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sin mí pọ̀ mọ́ irọ́ yẹn.” Ṣadé ti jáde níléèwé báyìí, ó ti ń ṣiṣẹ́. Mo bi í bóyá kí n kọ ọ́ tàbí kí n fi í sílẹ̀. Ó ní, “Papa, kọ ọ́.”

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọ, ẹ̀yin akọrin, ẹ̀yin ará Atong Abè tí ó ránṣọ fún: Àṣàkẹ́ lo oògùn rẹ̀. Kò tu ú dànù. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ tí èmi kò ní. N kò nígbàgbọ́ jù ú lọ, ohun tí àwọn òbí mi fi sí mi lára láìmọ̀ ni mo ń jẹ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èyí fi oògùn sílẹ̀ o, oògùn náà ló fi àwọn ọdún yìí kún ọjọ́ rẹ̀, tó fi rí ọmọ rẹ̀ dàgbà. Bí ẹ bá mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò tètè gbádùn, ẹ gbé omi fún un, ẹ má gbé ẹjọ́ fún un.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú oògùn mi lọ́wọ́, mo jókòó, mo ń retí. N kò mọ̀ pé ife ni mò ń retí. Ṣadé ló dìde, ó bu omi sínú ife búlúù náà. Ọmọ tí kò ní àìsàn kankan lára mu omi náà dé ìdajì, ó na ìyókù sí mi, ó ní, “Ó kù sọ́wọ́ yín, Papa.” Mo gbà á, mo mu ún.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ rẹ, Àṣàkẹ́. Sùn re o.