Ọ̀pá Mọ́kànlá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, òkun ṣì jìnnà sí ilé wa. Bí ẹ bá dúró sí ẹnu ọ̀nà bàbá mi, ẹ ó kọ́kọ́ rí ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja, ẹ ó rí àwọn igi àgbọn, ẹ ó wá rí iyanrìn tó tẹ́ lọ rẹrẹ kí ojú yín tó kan omi. Lórí iyanrìn yẹn ni pápá wa wà. Ẹ má wá a lónìí o. Ibi tí àwọn apẹja ń da àwọ̀n sí báyìí, tí wọ́n ní àwọ̀n máa ń há mọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni. Òpó góòlù wa ni nǹkan náà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ kó lẹ́tà méjì wá bá mi níjẹta, ẹ ní ẹgbẹ́ họ́kì yín ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, ẹgbẹ́ ńlá méjì sì ń fẹ́ yín, kí n bá yín yan èyí tí ẹ máa sá sábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ lójú ọ̀nà pé, "Màmá ti ń darúgbó." Kì í ṣe ogbó. Mo ti yan ẹgbẹ́ ńlá rí ni. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe lọ fún yín.

Olùkọ́ kan, obìnrin, tí ìjọba gbé wá láti ìlú òkè, ló mú họ́kì dé ọ̀dọ̀ wa. Kò mọ ọkọ̀ ojú omi wà. Bó bá ń jẹ púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, òkèlè kan, ife omi kan ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn eré náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Ó kó àwa ọmọbìnrin mọ́kànlá jọ, ó wá rántí pé kò sí ọ̀pá. Ó ní ọ̀pá họ́kì gbọ́dọ̀ tẹ̀ nídìí bí ìwọ̀ ẹja, níbo ni òun ti máa rí irú rẹ̀ láàárín omi? Àwa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ igi etí odò wa, èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ń yọ lókè, tó sì ń tẹ̀ wọnú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. A wọ ọkọ̀, a mú àdá. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti gé ọ̀pá mọ́kànlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ nídìí bí ẹni pé Ọlọ́run ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé a ó gbá bọ́ọ̀lù. Olúkúlùkù fi ọ̀bẹ fín àmì tirẹ̀ sí ọ̀pá rẹ̀. Èmi fín ẹja. Ọ̀rẹ́ mi fín ìràwọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí, afárá pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti ilé wa. Òun ló mọ eré náà jù nínú gbogbo wa. Èmi ni balógun ẹgbẹ́, kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n gbá, ohùn mi ló lọ sókè. Òun ló sọ mí ní Balógun Ẹnu. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye, ló ń yan ẹja ní ahéré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mẹ́rin ni Ìye bí. Èyí nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n kọ̀wé sí olùkọ́ wa pé a lè wọ inú ìdíje, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun tó kéré bí tiwa kò lè dá dúró. A gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá kan. Ẹgbẹ́ ńlá náà yóò máa fún wa ní bàtà àti bọ́ọ̀lù, yóò máa fi ọkọ̀ gbé wa lọ síbi eré. Lọ́dọọdún, àwa náà yóò yọ̀ǹda ọmọ méjì tó mọ eré jù fún un. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló fẹ́ wa. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní ìlú òkè. Wọ́n ní àwọn yóò rán èèyàn wá wò wá.

Ará Èkó ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ọmọ, ká ní ẹ rí bó ṣe jókòó sínú ọkọ̀! Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú bí ẹni di ìwo màlúù mú. A fẹ́ gbé e lọ sí erékùṣù iyanrìn kékeré kan láti gbá bọ́ọ̀lù fún un. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó na ìka sí wa. "Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…" títí dé mọ́kànlá. Nígbà tí a fẹ́ padà, ó tún nàka, ó tún kà. Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté, ó ń kà á lẹ́ẹ̀kẹta, Ìye sì ń bọ̀ láti ahéré pẹ̀lú èéfín lára.

Ìye ní, "Bàbá, kí lẹ ń kà? Ṣé ẹja ni wọ́n ni?"

"Ìyá, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n pé ni."

"Wọ́n pé kí ẹ tó dé. Wọ́n á sì pé lẹ́yìn yín. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ará Èkó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. "Ẹ má bínú, ìyá. Omi ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹ̀rín ta ní èbúté! Arákùnrin kan tó ń tún àwọ̀n ṣe ní, "Ẹ gbọ́ o! Ó wá fẹ́ ọmọ lọ́wọ́ ará omi, omi ló ń bẹ̀rù!" Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àwa ọmọdé fi ń sín in jẹ. A ó di etí ọkọ̀ mú, a ó ya ojú, a ó máa nàka sí ewúrẹ́, "Ọ̀kan, méjì…" Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kì í bá wa sín in jẹ.

Ará òkè wá dé. Ó ti bá àwọn tó ń wa epo rọ̀bì ṣiṣẹ́ lórí omi rí, ó fo sínú ọkọ̀ bí ọmọ ilé, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wà á. Ó jẹ púpurú, kò mu omi sí i. Kò nàka sí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a ṣeré tán, ó kó ọ̀pá wa jọ, ó di wọ́n ní ìtí kan, ó sì ń mi ètè wúyẹ́wúyẹ́. Ìye bi í pé kí ló ń sọ.

"Ọ̀pá ni mò ń kà, ìyá. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ọ̀pá bá pé, ẹni tó ni ọ̀pá pé."

Inú Ìye dùn débi pé ó fún un ní ẹja yíyan apẹ̀rẹ̀ kan. Ó ní, "Èyí la tọ́ dáadáa nílé."

Àwọn àgbà ní àwa tí a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ni kí a yan ẹni tí a fẹ́. Olùkọ́ wa ní kí a nawọ́. Márùn-ún fẹ́ ará òkè. Márùn-ún fẹ́ Èkó, nítorí pé Èkó ni Èkó. Ó kan èmi. Ọ̀rẹ́ mi wà nínú àwọn tó fẹ́ ará Èkó. Ó sún mọ́ mi, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Balógun Ẹnu, yan ará Èkó."

"Ojo yẹn?"

"Ẹni tó bá ń ka ẹja rẹ̀ ló máa mọ̀ bí ọ̀kan bá já bọ́ sómi."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ wá di ẹja?" Mo sì nawọ́ fún ará òkè. Kì í ṣe pé mo rò ó. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn èbúté máa fi mí rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe fi ará Èkó rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀rẹ́ mi gbá mi lẹ́sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "Ó dáa, Balógun. Ibi tí o bá lọ ni mò ń lọ." Ó tán síbẹ̀. Kò bá mi bínú.

Òde-Mahin ni eré wa àkọ́kọ́ ti wáyé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni ará òkè fi kó wa lọ. Bàtà tuntun ń dún lẹ́sẹ̀ wa. A borí, góòlù méjì sí ọ̀kan, ọ̀rẹ́ mi ló gbá méjèèjì wọlé. Ará òkè gbé e lé èjìká, ó ní kí ọdún tó yípo, ọmọ yìí á ti wà lọ́dọ̀ àwọn.

A ń lọ sí èbúté nígbà tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe alẹ́. Ọ̀rẹ́ mi na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. "Bá mi dì í mú. Mo ṣèlérí búrẹ́dì fún Ìye. Mo ń bọ̀ báyìí." Ó sáré wọ àárín ilé lọ. Mo ṣì ń rí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Òjò dé. Kò kán, ńṣe ló dà. Ará òkè ń kígbe, "Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!" Àwọn kan kó sínú ọkọ̀ iwájú pẹ̀lú olùkọ́ wa, àwọn kan kó sínú ti ẹ̀yìn pẹ̀lú mi. Tapólì bò wá lórí, ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Ará òkè ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ wa nínú ọkọ̀ méjèèjì kí wọ́n má baà gún ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí mi lábẹ́ tapólì, mo kó ọ̀pá méjì lé e lọ́wọ́, ẹja àti ìràwọ̀. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ti sáré wọ ọkọ̀ iwájú. Mo gbọ́ ohùn ará òkè nínú òjò, "Mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá. Ó pé. Ẹ gbéra!"

Ọ̀pá pé.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí èbúté wa, òjò ti dá. Ìye wà níbẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ kọ́ apá. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ iwájú sọ̀kalẹ̀. Àwa tí a wà nínú ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Ìye ń wo ẹ̀yìn wa.

"Ẹ pé?"

A wo ara wa. Ará òkè gbé ìtí ọ̀pá sókè, ó ní, "Wọ́n pé, ìyá. Mo kà wọ́n." Ó tú ìtí náà, ó ń na ọ̀pá sí oníkálukú, títí ọ̀kan fi kù sí i lọ́wọ́ tí kò rí ẹni tó máa gbà á. Ìràwọ̀ ni wọ́n fín sí i.

Wọ́n yí ọkọ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Obìnrin oníbúrẹ́dì ní Òde-Mahin ní ọmọ náà ra búrẹ́dì, ó ní kí òun fi ọ̀rá dì í dáadáa nítorí òjò. Àwọn tó wà ní èbúté ní nígbà tó dé ibẹ̀, ìdí ọkọ̀ wa ló rí. Ó wọ ọkọ̀ kékeré ẹnì kan tí wọ́n so mọ́ òpó, ó ní, "Wọn ò tíì jìnnà, màá bá wọn." Ọmọ omi ni, ta ni ìbá dá a dúró? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ náà lẹ́nu odò, níbi tó ti ń já sí òkun. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá kò tú. Búrẹ́dì náà gbẹ.

Wọn kò rí òun títí di òní.

Ará òkè jókòó sórí iyanrìn, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ má bà á jẹ́ lójú mi. Àṣà wa ló bọ̀wọ̀ fún. Èmi ni mo fún un ní ọ̀pá méjì.

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ kan bá fi imú kan iyanrìn, ì báà jẹ́ ti apẹja, ì báà jẹ́ ti oníṣòwò, Ìye á jáde láti ahéré. "Ẹ pé?" Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní, "A pé, Ìye." Àlejò á máa wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ojú rẹ̀ fọ́, kò dákẹ́. Bó bá ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ti ń dìde nìyẹn. Nígbà tó kú, òkun ti jẹ àgbọn, ó ti jẹ pápá, omi ń wọ abẹ́ ahéré. Àwọn tó ń kọjá lójú omi ibẹ̀ ní àwọn ṣì ń gbọ́ ọ. Mi ò ní bá wọn jiyàn. Èmi náà, bí omi bá fà sẹ́yìn lọ́sàn-án, mo máa ń gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ọ̀pá nísàlẹ̀, kà, kà, kà. Ọ̀pá ọ̀rẹ́ mi nìyẹn lókè ẹnu ọ̀nà mi. Mi ò gbé e sọ̀kalẹ̀ rí, àfi ìgbà tí a bá fẹ́ kó kúrò fún òkun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kó.

Ayé ti yí padà. Ọ̀pá yín ti wá láti ilé iṣẹ́, ẹ ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, fóònù wà lápò yín. Mo ka lẹ́tà méjèèjì. Bàtà ni ọ̀kan ń sọ, pápá oníkoríko ni èkejì ń sọ. Kò sí èyí tó sọ bí ẹ ó ṣe máa padà wálé. Ẹ kọ̀wé sí àwọn méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, bí òjò bá dé, ta ni yóò dúró? Ẹni tó bá dáhùn ìyẹn kó tó sọ̀rọ̀ bàtà, ẹ sá sábẹ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ojo.

Àti èyí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, mi ò ní kí ẹ ba àṣà jẹ́. Ẹ ka ara yín. Kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ pe iye tirẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.

Àwọn ọmọ náà pè é níwájú mi. "Ọ̀kan!" "Èjì!" "Ẹ̀ta!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ti ara wọn. Ó lọ títí, èyí tó kéré jù kígbe, "Ọ̀kànlá!" Mo ṣì ń tẹ́tí, mo ń wo ojú omi.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, a ti pé. Ta lẹ tún ń dúró dè?"