Ọmọ Ayò Tó Rìn

Láàárọ̀ àná, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ìkòkò òdòdó kan kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Yaba, òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé jíjẹrà sì gba imú mi. Kí n tó sín tán, ariwo ti ta: "Àǹtí, ẹ wá wo nǹkan róbótó!" Ó ti ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ nǹkan náà, ó sì ti pẹ́ tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó la ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá àgbà Múfú, ọ̀rẹ́ mi, ló ni ilé tí a háyà. Lẹ́yìn balùwẹ̀, lábẹ́ pákó jíjẹrà, la ti ń rí ọ̀kùn kan tí kò gùn bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kúrú, ó ki, dúdú rẹ̀ ń dán. Òrùka ara rẹ̀ gun orí ara wọn bíi páànù òrùlé. Èyí tó tẹ̀lé ọrùn fẹ̀ bí apata, ti ìdí sì dà bí ìdérí ìkòkò. Fọwọ́ kàn án báyìí, á ká orí, ìwo méjèèjì àti gbogbo ẹsẹ̀ wọnú, ìdérí á pàdé apata, kò ní lójú mọ́, kò ní lẹ́nu. Tíṣà wa ní ká má fi kíká nìkan dá a mọ̀, torí kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan akàn náà ń ká bẹ́ẹ̀. "Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò. Méjì lábẹ́ òrùka kan, ìbátan akàn ni. Mẹ́rin, ọ̀kùn ni." A kà á. Mẹ́rin ni.

Ohun tí tíṣà ò sọ ni pé tó bá ti ká, ọmọ ayò gẹ́lẹ́ ni.

Bàbá máa ń ta ayò lábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́yìn ìrun Alásárì. Múfú ní mi ò tó ẹni tó lè ju ọ̀kùn sínú ọpọ́n ayò Bàbá, pé ojo ni mí. Èmi kẹ̀! Ọwọ́ ara mi ni mo fi jù ú sínú ihò. Nígbà tó kan Bàbá, ó kó ọmọ, ó ń pín in lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó fi parí dúró díẹ̀, ó là, ó gun etí ọpọ́n, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ Bàbá. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Kò rí ẹsẹ̀. Ọmọ ayò tó ń rìn ló rí. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ó ti tó," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti wá pè mí."

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ funfun tó tọ́jú de ìsìnkú rẹ̀ wà lórí okùn, ó ń gba oòrùn láàárín àwọn pátá wa. Bàbá ò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. Múfú ń bẹ̀ mí: "Jọ̀ọ́, má sọ o. Dádì mi á pa mí." Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọkàn mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá pẹ̀lú páálí ìṣáná, mo gbé ọ̀kùn mìíràn lé e lọ́wọ́. Ó ká. A dúró. Ó là, ó sì ń rìn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mo mú ìka Bàbá, mo fi kan apata, ìdérí, òrùka kọ̀ọ̀kan.

"Ta ló jù ú sínú ayò mi?"

"Èmi ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọmọbìnrin yìí, o burú o!" Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ká aṣọ funfun náà, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Kò tíì gba oòrùn tó."

Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá ò jí kí ìrun àárọ̀. Gbogbo àdúgbò ní ọmọ ayò ló wá pè é. Kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n mú Múfú lọ sí ìlú wọn, mi ò sì rí i mọ́ títí dòní.

Sìmẹ́ńtì ti bo gbogbo àgbàlá ilé Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yẹn báyìí, kò sí pákó tí ọ̀kùn máa fara pamọ́ sí. Àwọn èèyàn ṣì ń rí àmì, orí fóònù ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kùn kì í pa èèyàn, mo mọ ìyẹn dájú. Bóyá ebi ọjọ́ mẹ́ta lè pa arúgbó ni mi ò mọ̀, ó sì yẹ kí n ti kúnlẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.