Ohun Tí Perl Rí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Òfin

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń darí sínágọ́gù kékeré tó wà ní Halbrook, ní àríwá Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ẹ má wulẹ̀ béèrè rábì, torí rábì ti kó lọ sí Toronto, ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Perl Zaslavsky ni kí ẹ béèrè. Òun ni gábáì. Òun ló ń yan ẹni tí yóò gbàdúrà, òun ló ń pe èèyàn wá síbi Ìwé Òfin, òun náà ló ń sọ fún Hirsh Lebovic pé kó panu dé. Láwọn ọjọ́ yòókù, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ló ń wà. Ó ní òun ò rí ìyàtọ̀.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ìyẹn Sátidé, ẹ̀gbẹ́ Bàbá Zalman Brodetsky ló máa ń dúró sí. Ó ti tó ogójì ọdún tí Bàbá ti ń fi orin ka Òfin sétí ìjọ, tí ohùn rẹ̀ ń dùn bí oyin. Iṣẹ́ Perl ni kó máa fojú bá a lọ nínú ìwé tirẹ̀, kó lè tún un ṣe bí ó bá ṣì í kà. Bàbá kì í ṣì í kà.

Ní Sátidé yìí, Perl gbójú sókè kó lè fi ojú bá Hirsh wí. Bó ṣe dá ojú padà, ọ̀pá fàdákà tí Bàbá fi ń tọ́ka ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ rí. Àlàfo tó wà láàárín òpó ìkọ̀wé méjì, níbi tí kò sí lẹ́tà kankan, ni ọ̀pá náà ń rìn. Ẹnu Bàbá ò sì dúró. Ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

Bàbá ò ríran mọ́. Àkọ́sórí ló ń kà.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Òfin ò gba àkọ́sórí. Bí ojú ò bá sí lára ìwé, ìjọ ò tíì gbọ́ kíkà. Ṣùgbọ́n bí Perl bá sọ̀rọ̀, ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíràn nílùú náà, títí kan Perl alára, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orin kà á.

Ó rọra di ọwọ́ Bàbá mú, ó gbé e sórí ìlà. Ohùn oyin náà dúró.

"Bàbá ti sùn lọ o," Hirsh ní láti ẹ̀yìn. "Perl, fi ìgbọ̀nwọ́ gún wọn díẹ̀, ẹja oúnjẹ ọ̀sán ń dúró dè wá."

"Ẹja tó ti kú, Hirsh, kò ní sá lọ."

Bàbá sọ̀rọ̀ sí Perl létí. "Láti ìgbà Ìrékọjá ni mi ò ti ríran mọ́."

"Oṣù mẹ́fà, Bàbá. Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kí n sọ kí ni? Ìwọ ni gábáì. Sọ ohun tí gábáì ń sọ."

Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ti wojú ogójì ọmọ lẹ́ẹ̀kan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á panu mọ́, tún gbé ọwọ́ Bàbá sórí ìlà. Bàbá tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ, Perl sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ lórí ìlà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó mọ̀ dájú pé ìyẹn ò sọ ọ́ di kíkà.

Nígbà tí wọ́n parí, gbogbo ìjọ ń bọ Bàbá lọ́wọ́, wọ́n ń kí i pé ó kú iṣẹ́. Ó yíjú síbi tó rò pé Perl wà.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá," ni Perl wí.