Ọkọ̀ Tíṣà Tó Ń Wọ Odò

Tíṣà ìṣirò ni ọkùnrin yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkọ̀ àlòkù kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, tó ń rìn nílẹ̀, tó sì ń wọ odò, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá gbà. Irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí wọ́n máa ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù fún ni, èéfín rẹ̀ sì pọ̀ bíi ti ilé tó ń jó. Ọdún mọ́kànlá ni Tíṣà fi tún un ṣe. Ìyàwó rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ rí.

Lọ́jọ́ tí afárá já, ìyàwó fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣàìsàn lódìkejì odò. Kò rí ọkọ̀ mìíràn, ló bá wọ ti Tíṣà.

Wọ́n dé àárín odò, ìyàwó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé ó yẹ kí omi wà níbí?"

"Díẹ̀ lè wà."

"Ó ti dé ọrùn ẹsẹ̀ mi."

Tíṣà rántí pé òun yọ ìdérí ihò ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárọ̀ kí omi òjò lè ṣàn jáde, ó sì wà lórí tábìlì nílé. Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó tú gèlè, ó ká a, ó fi dí ihò náà, ó sì fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè lórí ibùsùn pé báwo ni ọ̀nà.

"Ẹsẹ̀ mi tutù, àmọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn kò kú."

Tíṣà gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdajì tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ló ń sọ kiri àdúgbò títí oṣù náà fi parí.