Ikùn Ìgbòkun

Bàbá kan wà ní Àkúrẹ́ tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní lẹ́sìnnì. Ó ní ọkọ̀ ojú omi onígi àtijọ́ kan ní Èkó. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì; aṣọ ńlá tí wọ́n ń pè ní ìgbòkun ni afẹ́fẹ́ fi ń gbé e lọ. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń fi irú àwọn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje lórí ọ̀sà. Ìgbòkun tiẹ̀ ti ya.

Àbúrò bàbá mi obìnrin ń rán kánópì ní Oǹdó. Bàbá ní bí àǹtí mi bá tún un ṣe kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, òun á mú mi dání lọ, òun á sì fi mí han àwọn tó lè fún mi níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi. Kì í ṣe ayọ̀ ni mo ní, kí n má purọ́. Ó dà bíi pé wọ́n gbé ẹyin lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa sáré.

Mo gbé ìgbòkun náà lọ fún Àǹtí. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ó ti fọ̀ ọ́, ó funfun báláú. Ó so ọ̀rá kékeré kan mọ́ ọn.

"Àjákù rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo jí aṣọ òun."

"Àǹtí, ta ló fẹ̀sùn kàn yín?"

"Gírádúéètì, gbé e lọ jàre. Ojú tẹ́ ẹ fi ń wo télọ̀, mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá tẹ́ ìgbòkun náà sílẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀. Ó rìn yí i ká, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ta ló gé ikùn rẹ̀?"

Etí aṣọ náà yọ síta tẹ́lẹ̀ bí ikùn. Òun ló ń gba afẹ́fẹ́ dúró. Àǹtí ti gé e gún régé. Mo pè é lórí fóònù.

"Wíwọ́ yẹn? Mo bá a tún un ṣe ni! Bí etí kánópì bá wọ́, omi òjò á dúró sí i, á sì ya."

Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ ọ́ nílé nígbà tí mo rántí ọ̀rá. Bàbá tú u, ó to àwọn àjákù náà sí etí ìgbòkun. Kò sí èyí tó sọnù.

Ó ní, "Gbé e padà. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Èkó, Oǹdó ni màá gbà. Màá yà gbé ìwọ àti ìgbòkun."

Mo tún wọ bọ́ọ̀sì, ìgbòkun lórí itan mi. Ìyá kan tó jókòó tì mí sún sẹ́yìn.

"Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe òkú lo wé?"

Ó ti rẹ̀ mí kọjá ẹ̀rín.

Àǹtí rán an títí ilẹ̀ fi ṣú, ó tún bẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí Bàbá dé, ó fi ìka tọ ojú rírán náà.

"Bó bá tún ya lójú omi ńkọ́?"

"Ẹ pè mí, màá rán an."

"Láti Oǹdó?"

Bàbá wo inú mọ́tò rẹ̀. Ẹrù ti kún un. Bí ìgbòkun bá wọlé, ẹnì kan péré ló kù tí àyè máa gbà. Ó wò mí, ó wo Àǹtí.

"Màmá, ẹ múra. Ẹ mú abẹ́rẹ́ yín dání."

Kí Àǹtí tó lanu, mo ní, "Ẹ máa lọ." Ó dùn mí gan-an. Àmọ́ ara tún tù mí díẹ̀, nítorí kò ní sí ẹni tó máa bi mí pé kí ni mo lè ṣe. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì títí di òní.

Èmi ni mo wá ń tọ́jú ṣọ́ọ̀bù Àǹtí. Lọ́jọ́ ìdíje, Àǹtí pè mí, afẹ́fẹ́ ń hó nínú fóònù.

"Gírádúéètì! Ìgbòkun ti lóyún o! Àwa la wà lẹ́yìn pátápátá, ṣùgbọ́n ó lóyún!"

"Àǹtí, ṣé Bàbá bá wọn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi?"

"Kí lo wí? Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ n gbọ́!"

"Mo ní ẹ kú ìgbádùn."

Kánópì ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá gbé. Mo ká a, etí lé etí, gún régé.